Àyẹ̀wò-àìtú ni, kì í ṣe "ìdánwò inú àyíká"

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Kubwa, ní Àbújá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí wa, èyí tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ínfátà àti fóònù ní Òkè Ọya níbí. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ojú ewé kẹta, mo pàdé ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Wíwo rẹsísítọ̀, kápásítọ̀ tàbí dáyóòdù nígbà tí lẹ́ẹ̀dì ṣì dè é mọ́ ojú pánẹ́ẹ̀lì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi áyọ̀n kàn án, ni wọ́n pè ní "ìdánwò inú àyíká". Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa: rẹsísítọ̀ ni ẹ̀yà tí ń dín ìṣàn iná kù, kápásítọ̀ ń tọ́jú iná pamọ́, dáyóòdù ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo; pánẹ́ẹ̀lì ni pátákó tí wọ́n jókòó lé, lẹ́ẹ̀dì ni irin tí a ń yọ́ láti fi dè wọ́n mọ́ ọn, áyọ̀n sì ni irin gbígbóná tí ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Mo kọ̀wé pé orúkọ náà kò dára. Ẹ̀gbọ́n wa dáhùn pé ó ti wà nílẹ̀, pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń lò ó, àti pé kí oníṣẹ́-ọwọ́ fi ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó kọ́ ìmọ̀ èdè. Àbúrò wa obìnrin láti Zaria dábàá "àyẹ̀wò àlẹ̀mọ́" láti fi parí ìjà. Èmi ń dábàá "àyẹ̀wò-àìtú", n óò sì sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àyíká. Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa rò: iná ń jáde láti ẹnu bátìrì kan, ó ń gba inú wáyà kọjá, ó sì ń yí padà wọ ẹnu kejì, nítorí náà, kí a pe ipa ọ̀nà rẹ̀ ní àyíká. Lórí ìwé, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ń gbé, ẹnu ènìyàn sì ti gba àyíká fún nǹkan mìíràn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìmọ́tótó àyíká, ààbò àyíká, àyíká ilé: ibi tí ènìyàn ń gbé àti ohun tí ó yí i ká ni. Mo fún ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní ìwé náà pé kí ó kà á sókè. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí, ó mọ Yorùbá kà dáadáa nítorí pé Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó ka àkọlé náà, ó dákẹ́, ó wá bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé ìta ni wọn yóò ti bi wá ní ìbéèrè ni?" Nígbà tí ó ń bi mí yìí, mítà tí a fi ń wọn iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ mítà náà sì wà lórí ẹsẹ̀ dáyóòdù kan tí ó ń wò lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni orúkọ náà ń pè, kò sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Àyíká nìkan kọ́ ni ó kó ọmọ náà lọ síta. Ìdánwò bá a lọ́wọ́ sí i. Dán wò jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là tí ó lágbára: a ń dán ọkọ̀ wò, a ń dán oògùn wò, a ń dán ọmọ wò bóyá ó lè pa àṣírí mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní ọ̀rọ̀-ìṣe, n kò bá a jà. Ìgbà tí a bá fi àfòmọ́ ì- sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ ni nǹkan yí padà, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìdánwò mọ́ wa lọ́wọ́, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ sì fi sílẹ̀, àwọn oníwàásù ti fi ṣe orúkọ ìpọ́njú. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níbí kò da méjèèjì pọ̀. Jarrabawa ni wọ́n ń pe èyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń jókòó ṣe. Gwaji ni wọ́n ń pe èyí tí à ń fi nǹkan ṣe láti mọ bí ó ti rí. Àwa náà ní méjì. Ẹni tí ó lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn kì í sọ pé òun lọ ṣe ìdánwò ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó máa ń sọ. Dókítà ń wá àìsàn lára ènìyàn láìtú ènìyàn palẹ̀, àwa náà sì ń wá àìsàn lára pánẹ́ẹ̀lì. Àyẹ̀wò ni ọ̀rọ̀ wa.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan láti Èkó ti kọ ọ́ síbí pé Yorùbá àwa ará Òkè Ọya ti di àmúlùmálà, pé kí a má fi Hausa kọ́ ẹnikẹ́ni ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Àwa tí a ń gbé láàárín èdè mìíràn láti àárọ̀ dalẹ́ ni a mọ ohun tí ó ń náni láti pa tiwa mọ́. Ọ̀nà tí ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá yìí náà ni wàhálà, àlááfíà àti àlùbáríkà gbà wọ inú Yorùbá, ẹni Èkó náà sì ń fi wọ́n ṣàdúrà.

Ẹlòmíràn láti Lọ́kọ́ja kọ̀wé pé àyẹ̀wò kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé yẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ni yẹ̀ tí a fi ń yẹ̀ fún ọkọ̀ lójú ọ̀nà, àti pé ohun tí lẹ́ẹ̀dì bá dè mọ́lẹ̀ kò ṣe é yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ kì í yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a tó ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ìwé ìṣirò owó kì í sì yẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní ohun tí à ń là sí wẹ́wẹ́ láti fi mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó bá fẹ́ bá wọn fa ti yẹ̀ lè máa fà á lọ. N kò ní dá sí i mọ́.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wúwo jù ni ọ̀rọ̀ kékeré tí ó wà láàárín, inú. Inú ń sọ ibi tí nǹkan wà. Ibi tí ẹ̀yà náà wà kọ́ ni ìṣòro oníṣẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ̀yà náà kò dá wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín bí ó ti rí lórí tábìlì mi ní àárọ̀ àná. Pánẹ́ẹ̀lì ínfátà kan ni. Rẹsísítọ̀ kékeré kan wà ní igun rẹ̀, ìlà búráùn, ìlà dúdú, ìlà àwọ̀ ọsàn, ìlà wúrà: ìyẹn 10,000 óòmù (òṣùwọ̀n bí ó ti ń dí iná lọ́nà tó), tí kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún yà sókè tàbí sí ìsàlẹ̀. Mo pa ínfátà náà, mo yọ bátìrì rẹ̀, mo fa iná inú àwọn kápásítọ̀ ńlá gbẹ, mo wá fi abẹ́rẹ́ mítà kan ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ náà méjèèjì. Mítà ka 5,000. Ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ mi ti na ọwọ́ sí áyọ̀n kí ó lè yọ ọ́ dànù. Mo ní kí ó dúró, kí ó yí pánẹ́ẹ̀lì náà padà, kí ó sì fi ojú tọ ipa bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jáde láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tọ̀ ọ́ títí ó fi kan rẹsísítọ̀ 10,000 mìíràn ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbà náà so orí àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì so ìdí wọn pọ̀. Iná tí mítà rán jáde kò gba ara ẹnì kan kọjá. Ó pín ara rẹ̀ sí méjì, ìdajì gba ibí, ìdajì gba ọ̀hún, ọ̀nà méjèèjì sì fẹ̀ lójú mítà ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: òwe tí àwọn baba wa pa nìyẹn, òfin tí iná ń tẹ̀lé lójú pánẹ́ẹ̀lì náà sì nìyẹn. 10,000 méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyìí yóò ka 5,000, kò sì sí èyí tí ó ṣàìsàn nínú wọn.

Nínú èyí ni ohun tí gbogbo ojúlówó oníṣẹ́ mọ̀ ti jáde wá. Ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn ẹ̀yà mìíràn tí ó so mọ́ ọn, lè mú kí rẹsísítọ̀ kà kéré sí iye rẹ̀. Kò lè mú kí ó kà jù ú lọ. Bí a bá wo 10,000 lójú pánẹ́ẹ̀lì tí ó sì ka 14,000, tí ó sì dá wa lójú pé kò sí iná tí ó ṣẹ́kù nínú kápásítọ̀ kankan tí ó lè tan mítà jẹ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, a kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Bí ó bá ka 5,000, a kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Dáyóòdù náà ní tirẹ̀: dáyóòdù sílíkọ́nì tí ara rẹ̀ dá yóò fi nǹkan bí 0.5 sí 0.7 fólítì hàn ní ọ̀nà kan, kò sì ní jẹ́ kí iná kọjá bí a bá yí abẹ́rẹ́ padà. Bí mítà bá ké ní ọ̀nà méjèèjì, dáyóòdù náà lè ti ṣọ́ọ̀tì, ó sì lè jẹ́ pé wáyà tiransífọ́mà tí ó jókòó tì í ni ó ń dáhùn fún un.

Ẹ wò ó pé nínú gbogbo èyí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni oníṣẹ́ ń bi ara rẹ̀: ta ni ó dá mi lóhùn? Ṣé ẹni tí mo pè ni, àbí àwọn tí ó so mọ́ ọn? Ìdè ni iṣẹ́ náà dá lé lórí. Inú kò sọ nǹkan kan nípa ìdè. Àlẹ̀mọ́ tí àbúrò wa mú wá sún mọ́ ọn ju ti ẹ̀gbọ́n wa lọ, mo sì yìn ín fún un, ṣùgbọ́n ohun tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kì í bá ògiri pín ohùn, ìwé ìpolongo ìbò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì kọ́kọ́ rántí bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Àwọn baba wa kì í fi ibùjókòó nǹkan sọ ọ́ lórúkọ bí ìwà rẹ̀ bá hàn. Rédíò dé, wọ́n gbọ́ pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì ń gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní ọdún 1959, ó ń mú ohùn wá, ó ń mú àwòrán wá, ó di amóhùnmáwòrán. Ẹ̀rọ tí ó ń mú ilé tutù di amúlétutù. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ìyára rẹ̀ ni wọ́n rí, wọ́n fi wé àṣá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pe rédíò ní "ohùn inú àpótí", bẹ́ẹ̀ inú àpótí ni ohùn náà ti ń jáde ní tòótọ́. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ọmọ tí ó jókòó nínú kíláàsì ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá. Ọmọ tí ó jókòó nídìí tábìlì iṣẹ́ ni ó yẹ kí ìwé pélébé yìí náà wá.

Ẹ̀gbọ́n wa ní kí oníṣẹ́-ọwọ́ fi ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní ti ọ̀wọ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀, n kò gbà. Ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò, ni mo ti kọ́ṣẹ́. Hausa ni wọ́n ń bá oníbàárà sọ, ó sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wa, wọn kì í sì í fi gẹ̀ẹ́sì kún un àfi orúkọ àwọn ẹ̀yà. Mítà wọn jẹ́ èyí tí ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń fò nínú rẹ̀, gíláàsì rẹ̀ ti sán láti igun kan dé ìkejì, wọ́n sì fi sẹ́lótéépù dì í. Bí ọmọ tuntun bá gbé áyọ̀n, wọ́n á fi ọwọ́ lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní: "Má tíì tú u. Bi í léèrè níbi tí ó jókòó sí. Yí abẹ́rẹ́ padà kí o tún un bi." Gbólóhùn mẹ́ta yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Bátìrì fólítì kan ààbọ̀ tí ó wà nínú irú mítà bẹ́ẹ̀ tó láti jí dáyóòdù àti tiransísítọ̀ tí ó bá wà nítòsí, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí iná kọjá, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń jí sí. Nítorí náà, bí ohun tí mítà sọ lákọ̀ọ́kọ́ kò bá bá èyí tí ó sọ lẹ́yìn tí a yí abẹ́rẹ́ padà mu, a ti mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń dá sí ọ̀rọ̀ tí a kò pè é sí. N kò rí ọ̀mọ̀wé èdè kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a ń wá kiri lónìí ti wà lẹ́nu bàbá yẹn lójoojúmọ́: má tíì tú u.

Tú ni ọ̀rọ̀ náà, ohùn òkè. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń gbé ní Jos ní "àìtu" ni ó yẹ, ohùn àárín, bí a ti ń tu koríko àti bí a ti ń tu ìyẹ́ adìyẹ, nítorí pé ṣe ni à ń fa ẹ̀yà náà kúrò ní ilẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì. Ohùn kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó ń tu nǹkan ń fà á pẹ̀lú agbára, erùpẹ̀ a sì bá gbòǹgbò rẹ̀ wá. Bí oníṣẹ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí kápásítọ̀, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ a ká kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì bí èèpo àlùbọ́sà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún a sì di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti gba irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà ju ìgbà tí mo lè kà lọ. Títú kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì tí ó ní tánganran 63 àti òjé 37 nínú ọgọ́rùn-ún máa ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 183 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irú èyí tí kò ní òjé nínú tí wọ́n ń lò jù lọ báyìí a máa dúró dé nǹkan bí 217. A ó fi áyọ̀n kàn án, a ó ní sùúrù kí ó yọ́ kí ó sì máa dán, ìdè náà yóò sì tú fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò jáde bí ìgbà tí a bá tú okùn lọ́rùn ewúrẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń tu okùn lọ́rùn ewúrẹ́.

Ohun tí a bá dì ni à ń tú, èdè fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́rìí sí i kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àdììtú: dì wà nínú rẹ̀, tú wà nínú rẹ̀, àì sì ti yọ́ sáàárín wọn tí ó fi ṣẹ́kù ohùn lásán. Ohun tí a dì tí kò ṣe é tú ni. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ bí tú ṣe gòkè ní ìparí rẹ̀. N kò tíì gbọ́ "àdììtu" lẹ́nu ọmọ Yorùbá kankan rí. Àìtú tí mo ń dábàá, àbúrò àdììtú ni: ohun tí a dì, tí ó ṣe é tú, tí a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìtú. Yàtọ̀ sí èyí, tú kan náà ni ó wà nínú tú ẹrù wò, tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ibodè ń ṣe fún wa. Ẹni tí ó ti rìnrìn-àjò láti Kánò sí Ìbàdàn mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òṣìṣẹ́ tí ó wo ẹrù rẹ̀ láìtú u àti èyí tí ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Wọ́n tún bi mí pé kí ló dé tí n kò fi lo yọ, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé "yọ ọ́" ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí ń tún fóònù ṣe ní Wuse ń sọ. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, àìyọ àti àìyọ̀ sún mọ́ra jù, ọ̀pọ̀ tí ń tẹ Yorùbá láìfi àmì sí i yóò sì kọ ohun tí yóò dà bí àìsí ayọ̀. Èkejì ni ó ṣe pàtàkì: títú ṣáájú yíyọ. Ìdè tú tán kí ẹ̀yà tó kúrò ní àyè rẹ̀. Ohun tí ó sì ń pa ìdáhùn mítà dà ni ìdè. Bí ìdè bá ti tú, kò ṣe nǹkan kan bí ẹ̀yà náà bá ṣì dúró sójú kan.

Ní alẹ́ àná ni ẹ̀gbọ́n wa mú àtakò tí ó wúwo jù lọ wá, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n mú un wá kí ìwé náà tó jáde. Wọ́n ní nínú ìwé kan náà, ní ojú ewé kejì, àwọn ti kọ "tú kápásítọ̀" fún mímú iná tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ kúrò, nítorí náà ọmọ lè ka àyẹ̀wò-àìtú kí ó rò pé a ní kí òun wo kápásítọ̀ nígbà tí iná ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iná 230 fólítì tí ó ń wọ ilé wa, nígbà tí ó bá kọjá nínú àwọn dáyóòdù ẹnu ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n tí ó sì dé inú kápásítọ̀ ńlá, ó ti di nǹkan bí 325, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fa okùn iná yọ kúrò lára ògiri. Mo fara mọ́ ọn pé a kò gbọdọ̀ lo tú fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n ojú ewé kejì ni ó yẹ kí ó yí padà. Iná kì í ṣe ohun tí a dì sínú kápásítọ̀ bí ẹrù. Ṣe ni ó kún inú rẹ̀ bí omi ṣe ń kún àmù. Omi, à ń fà á gbẹ. Nítorí náà, "fa iná inú kápásítọ̀ gbẹ" ni kí wọ́n kọ, ìfàgbẹ sì ni orúkọ iṣẹ́ náà. Kí wọ́n sì kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá pé rẹsísítọ̀ ni a fi ń fà á gbẹ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe irin ìtúdè tí ń ta iná pàrà, àti pé kí ọmọ náà tún fi mítà wo fólítì rẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ kàn án.

Àwọn kan ní orúkọ mi kò ní bá àwọn ẹ̀rọ ńlá mu. Ó bá wọn mu dáadáa. Mítà tí à ń fi wo bóyá omi inú kápásítọ̀ ti gbẹ, ìyẹn bóyá ó ti gbó, kì í ṣe bóyá a ti fa iná rẹ̀ gbẹ, kò nílò kí a tú kápásítọ̀ náà, nítorí pé iná tí ó ń rán jáde ń yí padà ní nǹkan bí 100,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára rẹ̀ sì kéré sí èyí tí ó ń jí dáyóòdù, nítorí náà àwọn aládùúgbò ń sùn lọ nígbà tí ó ń bá kápásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí ó ti lè tan wá jẹ ni bí kápásítọ̀ méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí tí ara rẹ̀ le yóò bo èyí tí ó ń kú lọ mọ́lẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n máa ń gbé e ka orí ibùsùn abẹ́rẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún abẹ́rẹ́ a sì kan ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà a wá mú kí fólítì ọ̀dọ̀ aládùúgbò dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń bi léèrè, iná kò sì ní ìdí láti ṣàn gba ibẹ̀, bí omi kì í ti í ṣàn láàárín ibi méjì tí ó tẹ́jú dọ́gba. Nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn áísì (ẹ̀yà pẹlẹbẹ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà kéékèèké wà nínú rẹ̀) sì wọ abẹ́ wọn lọ tí abẹ́rẹ́ kò lè dé ibẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní ọdún 1990, IEEE 1149.1 (IEEE ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ iná), tí ó ń fi wáyà mẹ́rin péré béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ áísì láti inú ara rẹ̀. Ọgbọ́n wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ohun tí a tú.

Ní ti orúkọ tí a ó máa pe ipa ọ̀nà iná fúnra rẹ̀, yálà àyíká ni o tàbí òmíràn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lónìí. Kí ẹ̀gbọ́n wa àti àwọn yòókù máa bá a lọ. Mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ iṣẹ́ yìí.

Ohun kan ṣì kù tí n kò rí ọ̀rọ̀-orúkọ fún. Nígbà tí mítà bá ka 5,000 tí a kò sì gbà á gbọ́, a kì í tú gbogbo ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ náà. Ẹsẹ̀ kan ni a ń tú, a ó gbé e sókè díẹ̀ kí ó kúrò lára bàbà, a ó wò ó, ìkejì yóò sì dúró sí àyè rẹ̀. Ó ti kúrò ní àìtú, kò sì tíì di ohun tí a yọ. Bàbá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kì í pè é ní nǹkan kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi máa ń ṣàpèjúwe rẹ̀, wọ́n á gbé ìka kan sókè. "Gbé ẹsẹ̀ kan" ni àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ mi ń sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe sì nìyẹn. Mo gbìyànjú "ìtúlẹ́sẹ̀kan", ó gùn, ó sì le lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ èdè jù mí lọ, ẹ bá mi wá a.